Ta Ni Ó Dá Ìyàwó Lóhùn?

Nígbà tí a bá fẹ́ yin obìnrin ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń yá wa lẹ́nu jù ni pé ó ní ìfaradà. A ó ní ó fara da ìyà, ó fara da ebi, ó fara da ilé ọkọ, ó sì tọ́ ọmọ yanjú. A ó pàtẹ́wọ́ fún un, onílù yóò lu ìlù, obìnrin náà yóò jó, a ó sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ìyìn náà dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè: kí ni obìnrin náà ń fara dà, ta sì ni ó di ẹrù náà lé e lórí? Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé ewì tàbí eré tí ó bá ń yin ìfaradà obìnrin láìdárúkọ ohun tí ó ń fara dà kò tíì ṣe ju ààbọ̀ iṣẹ́ lọ. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn ẹkún ìyàwó, tí í ṣe ewì àwọn ọmọbìnrin ní agbègbè wa. Lẹ́yìn náà, n ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ obìnrin adúláwọ̀ méjì ní òkè òkun, tí wọ́n fi ijó àti ọ̀rọ̀ ẹnu sọ tiwọn.

Ẹkún ìyàwó, tí àwọn mìíràn ń pè ní rárà ìyàwó, jẹ́ ewì alohùn tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn Ọ̀yọ́ àti ní àwọn ìlú Òkè-Ògùn níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọbìnrin tí ó ń lọ sílé ọkọ ni ó ń sun ún nígbà tí ó bá fẹ́ fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ó ń bọ́ sí i lẹ́nu lójijì. Kí ọjọ́ tó pé ni ó ti ń kọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ti sun tiwọn. Bí ọjọ́ bá pé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹbí kan dé ọ̀dọ̀ ẹbí mìíràn. Yóò kúnlẹ̀ níwájú baba, yóò kúnlẹ̀ níwájú ìyá, yóò kí àwọn àgbà agbo ilé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì máa gbè é. Ẹni tí ó bá kí yóò súre fún un, yóò sì fún un lówó. Nígbà tí ó bá yá, wọn yóò sìn ín dé ilé ọkọ, wọn yóò bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé.

Ní iléèwé, wọ́n sábà máa ń kọ́ wa pé ewì ìdágbére ni ẹkún ìyàwó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdágbére nìkan kọ́. Bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, òwú mẹ́ta ni a fi hun ún. Òwú kìíní ni ọpẹ́. Ìyàwó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tí ó pọ̀n ọ́n àti baba tí ó bọ́ ọ, ó sì ń tọrọ àdúrà. Òwú kejì ni oríkì. Ó ń ka oríkì orílẹ̀ baba rẹ̀: bí ó bá jẹ́ ọmọ Ìkòyí, yóò mẹ́nu ba ogun; bí ó bá jẹ́ ọmọ Òpómúléró, yóò mẹ́nu ba òpó àti aṣọ. Mo ka apá yìí sí ìmúra. Ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé tí wọ́n kò ti mọ̀ ọ́n ń rán ara rẹ̀ létí ẹni tí òun jẹ́, ó sì ń jẹ́ kí àwọn tí wọ́n wá mú un gbọ́ pé ilé tí òun ti wá ní orúkọ.

Òwú kẹta ni ẹ̀rù, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ìyàwó tuntun ni ó kéré jù nínú ilé tí ó wọ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé náà kí ó tó dé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó bá nílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é, bíi Ìbàdíàrán tàbí Akọ̀wé. Ìyálé lè wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ rí i. Ìyá ọkọ lè le. Ọmọ lè pẹ́ kí ó tó dé, kí gbogbo ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ìyàwó ń mẹ́nu bà nínú ẹkún rẹ̀, ní gbangba, níwájú àwọn àgbà tí kò lè já lu ọ̀rọ̀ wọn ní ọjọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ayé àtijọ́ ni ó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn nìkan ni gbogbo agbo ilé dákẹ́ láti gbọ́ ohùn wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà ní ìtumọ̀. Ìyàwó kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ń fa ohùn, ó ń dúró, ó tún ń gbé e. Ara rẹ̀ ń bá ohùn rẹ̀ ṣiṣẹ́: ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ìloro dé ìloro, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ń gbè é ń jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ewì yìí kò lè parí láìsí ìdáhùn. Ìyàwó kì í ké kí ó sì kọjá lọ. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ fún gbọ́dọ̀ lanu, kí ó súre, kí ó gbani níyànjú. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni ẹkún ìyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún ni a sọ ọ́ lórúkọ.

Mo bi ìyá àgbà kan ní agbo ilé wa, tí ó sun ẹkún tirẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọge, pé kí ni ó rántí jù nínú rẹ̀. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ aṣọ tàbí owó. Ó ní ohun tí òun rántí ni ibi tí òun ti bi ìyá òun léèrè pé ta ni òun yóò máa fọ̀rọ̀ lọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá le níbi tí òun ń lọ. Ó ní ìyá òun kò fi àdúrà nìkan dá òun lóhùn. Ó dárúkọ àbúrò baba òun kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ọkọ òun, ó ní kí òun máa sáré tọ̀ ọ́ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ wo ohun tí ewì ṣe níbẹ̀. Ọmọbìnrin kọrin, ó sì rí ilé tí yóò sá sí.

Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ lónìí kò sí ní agbo ilé mọ́. Orí ìtàgé ni ó wà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ti yí ètò ìgbéyàwó padà. Ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó òde òní, alága ìdúró àti alága ìjókòó ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń pa òwe, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàṣẹ pé kí ìyàwó kúnlẹ̀, kí ó dìde, kí ó gbé fìlà dé ọkọ lórí. Ìyàwó ń jó wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ijó náà sì lè gba ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde kò tó nǹkan. Bí ijó ìyàwó ti ń gùn sí i ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń kúrú sí i. N kò sọ pé kí àwọn alága fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ni wọ́n ń ṣe ọ̀rọ̀ sísọ tí ó jẹ́ ti ọmọbìnrin náà tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ẹkún ìyàwó kù sí ni Ọjọ́ Àṣà ní iléèwé. Ní èyí tí a ṣe ní ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì wa ṣe é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Aṣọ òkè wọn rẹwà, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn, dùndún ń dún. Ẹni tí ó ṣe ìyàwó ní ohùn dídùn. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ baba àti ìyá, ó ka oríkì díẹ̀, omijé sì jáde lójú rẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bọ́ sí ijó. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì tọ́ sí wọn. Síbẹ̀, òwú kẹta ti sọnù pátápátá. Kò sí ìyá ọkọ níbẹ̀, kò sí ìyálé, kò sí ìbẹ̀rù àìrọ́mọbí. Ẹkún wà, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí ó fa ẹkún. Àwọn tí wọ́n ṣe òbí jókòó sórí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí eré fi parí. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ gbólóhùn kan. Máàkì tí àwọn adájọ́ ń fúnni jẹ́ ti aṣọ, ìlù, ijó àti ohùn. Kò sí máàkì fún ìdáhùn.

Ẹnìkan lè sọ pé ọjọ́ ayẹyẹ ni Ọjọ́ Àṣà, pé kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ba ijó jẹ́, pé bí a bá fẹ́ gbé obìnrin ga, ayọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a gbé jáde. Mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, n kò sì kà á sí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ obìnrin kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà fi hàn mí pé ijó àti ìrora lè jọ wà lórí ìtàgé kan náà láìba ara wọn jẹ́.

Victoria Santa Cruz ni orúkọ obìnrin náà. Wọ́n bí i ní ọdún 1922 ní Lima, olú-ìlú Peru, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Nicomedes, tí ó jẹ́ akéwì, jọ ṣiṣẹ́ láti jí ijó àti ìlù àwọn adúláwọ̀ Peru dìde nígbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Nígbà tí ó yá, ó di olùdarí ẹgbẹ́ ijó ìbílẹ̀ ti orílẹ̀-èdè náà, ó sì tún ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọdún 2014.

Ewì rẹ̀ tí ó lókìkí jù ni “Me gritaron negra”, tí ó dá lórí bí wọ́n ṣe pariwo àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn bí èébú. Fọ́nrán rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò gbọ́ Sípáníìṣì pàápàá lè wò ó kí ó sì yé e. Victoria dúró níwájú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sọ ìtàn ọmọdébìnrin kan tí àwọn ènìyàn pariwo mọ́ ní òpópónà. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń pàtẹ́wọ́ sí i lọ́nà kan náà, wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ “negra” lù ú léraléra, títí àtẹ́wọ́ fi dà bí òkò. Ó sọ bí ọmọ náà ṣe gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, tí ó tọ́ irun rẹ̀ kí ó lè nà, tí ó kun àtíkè sójú, tí ó ń fà sẹ́yìn ṣáá. Lẹ́yìn èyí ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí òun bá jẹ́ adúláwọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó jẹ́ òkò di ìlù tí ó ń jó sí, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń pè é, pẹ̀lú orí gíga.

Ohun tí ó wú mi lórí ni pé kò fo ìtìjú náà. Ó dúró lórí rẹ̀ pẹ́, ó sọ ohun tí ọmọ náà ṣe sí irun àti ojú ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé apá ìparí nìkan ni ó gbé wá sórí ìtàgé, a ó pàtẹ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ohun tí ó borí. Iṣẹ́ tí ó fi ọ̀rọ̀ “negra” ṣe kò sì jìnnà sí iṣẹ́ tí ìyàwó ń fi oríkì ṣe ní Òkè-Ògùn. Ẹnìkíní-kejì wọn ń pe orúkọ ara rẹ̀ sókè níwájú àwọn tí wọ́n lè fẹ́ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àwọn elégbè náà jọra, àfi pé ti Victoria kọ́kọ́ ṣe olùfisùn kí wọ́n tó wá di ẹlẹgbẹ́. Ìyẹn jẹ́ ọgbọ́n tí ó dára: ó fi ẹni tí ó di ẹrù náà lé e lórí hàn wá.

Ẹnìkejì ni Ntozake Shange, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1948. Eré rẹ̀, “for colored girls who have considered suicide / when the rainbow is enuf”, bẹ̀rẹ̀ ní ilé ọtí kan nítòsí Berkeley ní California ní ọdún 1974. Nígbà tí ó di ọdún 1976, ó ti dé Broadway ní New York. Ewì àti ijó ni ó fi kọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin méje ni ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò ní orúkọ, àwọ̀ aṣọ wọn ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn sọ bí òun ṣe fẹ́ràn orin àti ijó àwọn ará Puerto Rico, títí òun fi fẹ́ dà bí ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀, ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó ń lu obìnrin, àti ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó kú. Àwọn kan bínú nígbà náà pé ó tú àṣírí àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ síta. Àwa náà mọ irú ìbínú yẹn. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá ti sọ tirẹ̀ tán nínú eré náà, àwọn yòókù kì í fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ìparí, wọ́n ń fọwọ́ kan ara wọn, wọ́n ń gbé ara wọn ró. Ìdáhùn nìyẹn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé ẹkún ìyàwó àtijọ́ kò ní àléébù. Ó ní in. Àkọ́kọ́, ọjọ́ kan péré ni ó fún ọmọbìnrin láti sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ó ti di ìyàwó ilé tí ó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Èkejì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn tí wọ́n ń fún un kò ju pé kí ó ní sùúrù lọ. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni a fi dá ẹni tí ń sunkún lóhùn, ẹrù náà ni a tún dì lé e lórí. Ẹ̀kẹta, nínú gbogbo èyí tí mo ti gbọ́, obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó ń bẹ̀rù jù: ìyálé, orogún, ìyá ọkọ. Kì í sábà dárúkọ ọkọ. Bákan náà ni orin orogún tí àwọn ìyàwó ilé ń kọ rí. Ara wọn ni wọ́n ń ta lọ́fà. Ní ibí yìí, Victoria àti Shange la ojú mi. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìrora ti wá, ì báà jẹ́ gbogbo àdúgbò, ì báà sì jẹ́ ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ràn.

Kí ni mo wá ń fẹ́? N kò fẹ́ kí a dá aṣọ òkè dúró, n kò sì fẹ́ kí a pa dùndún lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ kí a dá òwú kẹta padà sínú aṣọ náà. Kí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ẹkún ìyàwó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí ó bà wọ́n lẹ́rù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi tiwọn kún un. Ẹ̀rù tiwa lónìí kò fi gbogbo ara jọ ti àtijọ́. Ọmọbìnrin tí ó wà ní kíláàsì àgbà lè fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ yóò jẹ́ kí òun parí ẹ̀kọ́, bóyá owó tí òun bá rí yóò jẹ́ ti òun, àti ibi tí òun yóò sá sí bí ẹnìkan bá gbọ́wọ́ sókè sí òun. Ewì náà gba gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí. Ó ti ní àyè fún wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Mo sì fẹ́ kí àwọn tí wọ́n bá ṣe òbí lórí ìtàgé ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Kí baba dìde, kí ìyá dìde, kí wọ́n fún un ní èsì tí ó ṣeé dì mú, bí ìyá tí ó dárúkọ ilé àbúrò baba fún ọmọ rẹ̀. Kí àwọn adájọ́ sì fún ìdáhùn náà ní máàkì tirẹ̀. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdọọdún níwájú àwọn òbí gidi tí wọ́n wá wòran, ó ṣeé ṣe kí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí wọn yóò sọ nígbà tí ó bá kan ọmọ tiwọn.

Mẹ́rìndínlógún ni mí. Lọ́jọ́ kan, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi yóò kúnlẹ̀ níwájú òbí wa, yálà a sun ẹkún tàbí a kò sun ún. Ìfaradà tí wọn yóò yìn nínú wa kò níye lórí tó kí wọ́n mọ ohun tí a fẹ́ fara dà, kí wọ́n sì bá wa gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ìyàwó bá bèèrè ọ̀rọ̀, kí ẹnìkan nínú ilé dìde, kí ó dá a lóhùn, kí onílù tó tún gbé ìlù.